Orin Tí Wọ́n Fi Pe Abdulfatai Wálé

Kóra náà dún kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kàn án. Ó fẹ̀yìn ti ògiri nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Pápá Àjàó, okùn kan lára rẹ̀ sì dún wíín, bí ẹ̀fọn létí ẹni tó ń tòògbé. Àwọn ọmọ ò fura. Wọ́n ń jà sí àyè ìjókòó. Àlàájà Shakirat nìkan ló gbọ́ ọ. Ó fa Aneesah, ọmọ ọmọ rẹ̀, mọ́ra.

Àǹtí Mojísọ́lá, olùkọ́ orin, ló ṣètò ọjọ́ náà. Ó ní orin inú fóònù nìkan ni àwọn ọmọ Mushin mọ̀, wọn ò mọ bí àwọn ará Mandé ilẹ̀ Màlí ṣe ń fi orin pe orúkọ baba ńlá wọn. Ó ní kí àwọn ìyá àgbà bá àwọn ọmọ wá, torí olórin náà yóò ki ìdílé kálukú. Ohun tí Àlàájà ò fi lè jókòó sílé nìyẹn. Ta ló mọ orúkọ àwọn tó ti lọ nílé wọn bí kò bá ṣe òun?

Láńsánà ni olórin náà ń jẹ́, ọmọ Màlí tó ti pẹ́ ní Mushin débi pé Yorùbá ló fi ń bú ọlọ́kadà. Ó jẹ́ kí àwọn ọmọ lu báláfóònù, pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n tò sórí akèrègbè wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé kóra sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀: ìlàjì igbá ńlá tí wọ́n fi awọ màlúù bò, pẹ̀lú ọrùn gígùn àti okùn rẹpẹtẹ.

"Ọ́ńkù, ṣé gìtá ni?" ọmọ kan béèrè.

"Gìtá ni àbúrò ẹ̀," Láńsánà fèsì. "Ẹ má rí àgbà fín lójú mi."

Ẹ̀rín sọ. Ó ṣàlàyé pé nílé tí wọ́n bí òun sí, orin ni ogún. Orin òkú wà, orin alààyè wà. Ẹni tó bá wà lájò ní orin tirẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é wálé, ọmọ rẹ̀ ló sì ń parí orin náà. Ọmọ á ní, "Ẹ wọlé."

Aneesah dìde. "Abdulfatai Àkàngbé ni bàbá mi. Líbíà ni wọ́n wà. Ẹ bá mi pè wọ́n."

Àlàájà fà á láṣọ kó jókòó. Ọmọ náà ò tíì rìn dáadáa nígbà tí àìsàn pa Abdulfatai, ọmọ Àlàájà. Àlàájà ló ní kẹ́nikẹ́ni má sọ ọ́ létí ọmọ. Líbíà ni kí wọ́n máa wí. Wọ́n wí i fún ọmọ, wọ́n wí i fún àlejò. Bí ààwẹ̀ bá dé, wọ́n á bu sààrì Abdulfatai sọ́tọ̀, kí ọmọ lè gbà pé bàbá ń bọ̀.

Láńsánà wo Àlàájà. "Màmá, ṣé ó wà láyé?"

"Ó wà ní Líbíà."

"N ò béèrè ibi tó wà, Màmá."

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Níwájú àwọn èèyàn wọ̀nyí? "Ó wà láyé," ló wí.

Láńsánà bẹ̀rẹ̀. Orin náà dùn bí omi tó ń sàn lórí òkúta. Kò pẹ́ tí òórùn ọ̀dà mọ́tò fi gba gbọ̀ngàn. Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni Abdulfatai ń ṣe. Òórùn káfúrà tẹ̀lé e, irú èyí tí wọ́n fi ń wẹ òkú. Sàlúbàtà kan wá ń wọ́lẹ̀ bọ̀ lóde, ẹsẹ̀ òsì ń fà. Láti ọjọ́ tí jáàkì mọ́tò ti já lé Abdulfatai lẹ́sẹ̀ ló ti ń rìn bẹ́ẹ̀.

Òógùn bo Láńsánà. "Màmá," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ọwọ́ mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Irọ́ lẹ pa. Òkú ni mo ń fi orin alààyè pè."

Aneesah ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó la ẹnu. "Ẹ w…"

Àlàájà fọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Àkàngbé, o ti kú!" ló ké. "Ojú mi ni wọ́n ṣe fi aṣọ funfun dì ọ́! Má wọlé!"

Okùn kóra já. Sàlúbàtà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ kan pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé eré ni.

Àlàájà kúnlẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. "Dárí jì mí, ọmọ mi," ló wí fún Aneesah. " Mi ò fẹ́ kó o mọ̀ ni."

Aneesah rọra gbé ọwọ́ náà kúrò lẹ́nu. "Mo ti mọ̀ tipẹ́, Màmá. Wọ́n ń sọ ọ́ ládùúgbò." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá mi ni wọn ò mọ̀ pé àwọn ti kú. Wọ́n máa ń wá jẹ sààrì wọn. Wọ́n ní Líbíà ni àwọn ti ń bọ̀, pé ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Ó yọjú lórí èjìká ìyá àgbà.

"Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ọwọ́ wọn."

Àlàájà ò wẹ̀yìn. Ó gbọ́ sàlúbàtà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀, tó gba àárín ìjókòó kọjá, jẹ́jẹ́. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọmọ ló dorí kọ, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí i ni.