Ohun Tí Mi Ò Kọ Sínú Ìwé

Mo ki ṣíbí bọ inú agolo mílíìkì, mo bù ú kún, mo sì dà á sẹ́nu ní gbígbẹ. Ó lẹ̀ mọ́ mi ní àjà ẹnu. Mo dúró títí ó fi yọ́, mo tún bu òmíràn. Lẹ́yìn náà mo gbọn agolo kí ojú mílíìkì lè tẹ́jú, mo fọ ṣíbí, mo nù ún, mo dá a padà síbi tí mo ti mú un.

Aago méjì ọ̀sán ni. Mo dúró lójú fèrèsé. Àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì kan náà lọ́dún tó kọjá ń lọ sílé nínú aṣọ ilé-ìwé wọn. Kò sí ẹni tó gbójú sókè. Ọmọ mi, ọmọ oṣù mẹ́ta, ń sùn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó gbà mí sílé, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Aránṣọ, ti wà ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Ilẹ̀ lè mọ́ kó sì ṣú kí ẹnikẹ́ni má pè mí.

Lọ́jọ́ tí mo dé, Ìyá Aránṣọ ti kìlọ̀ fún mi. "Tíì ni mo ra mílíìkì fún, mi ò rà á fún ẹnu lásán. Èmi àti ẹni tó ń fi nǹkan ṣòfò kò lè gbé pọ̀."

Mo mọ̀ pé olè ni mò ń jà. Ṣùgbọ́n ní wákàtí yẹn, àdùn yẹn nìkan ló ń bá mi ṣeré.

Kò pẹ́ tí ara ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, ó sì ń ké lẹ́yìn tó bá mu ọmú tán. Lọ́jọ́ kan mo rí okùn pupa tín-ín-rín nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Mo rò pé òwú ìránṣọ ni, mo fẹ́ fà á yọ. Ẹ̀jẹ̀ ni.

Mo gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó sì fún mi ní ìwé kékeré kan.

"Ọ̀pọ̀ ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ló ń jẹ ohun gbogbo tí nǹkan kan kì í ṣe ọmọ wọn," ó ní. "Ṣùgbọ́n ara àwọn ọmọ kan máa ń kọ ohun tí ìyá wọn jẹ: mílíìkì màlúù, ẹyin, ẹ̀pà, ẹja, búrẹ́dì. A ò tíì mọ èyí tó jẹ́. Kọ gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu rẹ, àti àkókò rẹ̀. Bí ẹ̀pà ẹyọ kan bá ṣèèṣì já sí ọ lẹ́nu, kọ ọ́. Mi ò ní bá ọ jà nítorí ohun tí o jẹ. Èyí tí o ò bá kọ ni màá bá ọ jà sí."

"Mo ti gbọ́, mà."

Mo fi rúlà fa ìlà. Àárọ̀: búrẹ́dì àti ẹyin. Alẹ́: ìrẹsì àti ẹja. Níwájú aago méjì ọ̀sán, mo kọ "omi". Bí Ìyá Aránṣọ bá ka ìwé yìí tó sì lé mi, ibo ni mo fẹ́ gbé ọmọ lọ?

Lọ́jọ́ tí a padà lọ, nọ́ọ̀sì ṣí ìwé náà. "Ìwé tìrẹ mọ́ ju ti gbogbo ìyá yòókù lọ. O ò mu mílíìkì rárá?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Ẹyin la ó kọ́kọ́ yọ, fún ọ̀sẹ̀ méjì."

A yọ ẹyin, ẹ̀jẹ̀ kò dá. A yọ ẹ̀pà fún ọ̀sẹ̀ méjì míì, kò dá. A yọ ẹja. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú lára mi. Ìyá Aránṣọ náà kò se ẹyin nílé mọ́. "Ohun tí ẹnu ò gbọdọ̀ jẹ, kí ojú má rí i," ó ní. Síbẹ̀, mò ń lọ sídìí agolo. Ebi ti wá dara pọ̀ mọ́ ìdáwà.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Ìyá Aránṣọ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó bá mi lọ. Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ lé orí ìwọ̀n. Ó gbé e kúrò, ó tún gbé e lé e.

"Kò fi nǹkan kan kún ti tẹ́lẹ̀," ó ní. "Mi ò mọ ohun tó kù tí a lè yọ. Màá kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá."

Ìyá Aránṣọ na ìka sí ọmọ náà. "Ọkọ mi," ó ní, "kí ló ń ṣe ọ́?" Ohùn rẹ̀ já. Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Mílíìkì ni," mo ní. "Ní aago méjì. Ṣíbí méjì. Lójoojúmọ́."

Ìyá Aránṣọ yíjú sí mi.

"Mo rí i pé agolo ń lọ sílẹ̀," Ìyá Aránṣọ wí. "Mo rò pé èèrà ni."

"Èèrà tó ń fọ ṣíbí," nọ́ọ̀sì ní. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" Ìyá Aránṣọ bi mí.

"Mo rò pé ẹ máa lé mi, mà."

Ó gbójú kúrò lára mi. "Mo bá ọ wí lórí mílíìkì. Mi ò sì bi ọ́ lọ́jọ́ kan bóyá o jẹun ọ̀sán."

Nọ́ọ̀sì fi bírò pupa fa ìlà gba orí àwọn ojú ìwé mi tó mọ́ tónítóní. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lo fi ṣòfò. O fìyà jẹ ọmọ, o fìyà jẹ ara rẹ. Padà sórí ẹyin, ẹ̀pà àti ẹja. Mílíìkì àti ohun tí wọ́n bá fi mílíìkì ṣe nìkan la ó yọ."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀jẹ̀ dá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi ń dán. Ṣùgbọ́n ẹkún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, kò sí bí mo ṣe lè dá a padà fún un.

Aago méjì ṣì ń dé, àwọn ẹgbẹ́ mi ṣì ń kọjá. Lọ́jọ́ kan mo kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe rí: "Aago méjì: omi. Mo dá wà." Nọ́ọ̀sì kà á. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Ọjọ́bọ̀, aago méjì. Àwọn ìyá ọ̀dọ́ máa ń jókòó níbí. Wá."

Mo lọ.

Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí ọwọ́ ìkọ̀wé ti wù kó dára tó, irọ́ ni irọ́ ń jẹ́, ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ló sì jìyà tèmi. Bí ẹni tó fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́ bá ní kí o kọ ohun gbogbo, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ń tì ọ́ lójú.