Orí Òkè Tó Wà Láàrin Omi

Ọkùnrin náà wọ ṣòkòtò péńpé, ó fi ọwọ́ kan di àgbọn tútù mú, ó fi èkejì gbé fóònù sétí, ó ń ṣọ̀fọ̀.

"Ẹ ṣeun, Ìyá Aneesah. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ògbómọ̀ṣọ́ la wà báyìí, à ń múra ìsìnkú. Bí mo bá ti dé, máṣíìnì yín ni màá kọ́kọ́ tún ṣe."

Ó gbé fóònù kúrò létí, ó fa omi àgbọn mu, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ayé yẹ.

Bí Motọ́lání ṣe kọ́kọ́ rí Láyíwọlá nìyẹn, lábẹ́ igi fúrúùtù kan ní erékùṣù kékeré kan lórí ọ̀sà. Abẹ́ igi yẹn nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń wọlé ní gbogbo erékùṣù náà. Ilé àlejò ibẹ̀ kò ju yàrá mẹ́fà lọ. Kò sí mọ́tò, kò sí jẹnẹrétọ̀. Adìyẹ ló ń pariwo jù níbẹ̀.

Motọ́lání ì bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n fóònù tirẹ̀ náà dún.

"Ẹ káàsán, Mọ́mì. Àdúrà ọ̀sán la ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, mà. Ẹnu ti gbẹ, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ń fún wa lókun." Òróró ẹja yíyan ṣì wà ní ìka rẹ̀.

Nígbà tó yíjú padà, ọkùnrin náà ń wò ó.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ kú ààwẹ̀ o."

"Ẹ̀yin náà, bọ̀dá, ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì. Motọ́lání rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí gbòǹgbò igi.

Ẹ má tètè dá wọn lẹ́bi. Láyíwọlá ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ọdún mọ́kànlá ni kò fi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọjọ́ méjì léra. Dókítà sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga, kó lọ sinmi. Ta ló fẹ́ sọ fún télọ̀ tí aṣọ ìyàwó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun ń lọ sinmi? Ọ̀fọ̀ nìkan ni oníbàárà kì í bá èèyàn jà sí.

Motọ́lání ní tirẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Sùúrùlérè. Ó ti pé ọmọ ọdún márùndínlógójì, kò tíì lọ́kọ. Ìyá rẹ̀, Ìyáàfin Morákinyọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Yábàá, ló di ẹrù fún un pé kó lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ méje lórí òkè àdúrà, kí Ọlọ́run lè fún un lọ́kọ. Ó dé ìdí mọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó ti máàkì ìwé ìdánwò títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì. Ló bá gba èbúté lọ.

Ọjọ́ márùn-ún ló kù fún wọn. Wọ́n fi kọ́ bí èèyàn ṣe ń jókòó láìṣe nǹkan kan, ẹ̀kọ́ tó le fún ará Mainland. Ní ọjọ́ kejì, Láyíwọlá ti rí máṣíìnì ìránṣọ obìnrin tó ń se oúnjẹ ní ilé àlejò náà, ó ti ń tú u palẹ̀. Motọ́lání gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ti gbàgbé pé òkú lẹ wá sin ni?"

"Ẹ má nà mí, tíṣà."

Ní ìrọ̀lẹ́ tó kẹ́yìn, wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ omi. Láyíwọlá kò wo ojú rẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀. "Mo fẹ́ máa rí yín, tíṣà mi. Níbi tí nẹ́tíwọ̀kì wà àti níbi tí kò sí."

Inú Motọ́lání dùn. Ó mi orí pé òun gbà.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. "Ọjọ́ méje láìjẹun, o tún wá ń dán báyìí! Oore-ọ̀fẹ́ rèé!"

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Láyíwọlá wá dọ̀bálẹ̀ ní Yábàá. Màmá kí i káàbọ̀, ó ní kó jókòó.

"Ọmọ mi, níbo lẹ ti pàdé?" Kó tó lanu, Màmá ti dá ara rẹ̀ lóhùn. "Orí òkè ni! Mo mọ̀! Ọjọ́ Àìkú yìí, ẹ̀yin méjèèjì máa bá mi dúró níwájú pẹpẹ, màá jẹ́rìí."

Motọ́lání wolẹ̀. Nígbà tí Láyíwọlá dágbére, ó sìn ín dé ẹnu géètì.

"Mi ò ní wá lọ́jọ́ Àìkú," Láyíwọlá ní, "àfi tí Mọ́mì bá ti gbọ́ òtítọ́."

"Láyí, ìwọ náà kọ́ lo sin ẹni tí ò kú?"

"Èmi ni. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Aneesah ti ń dúró dè mí, ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún bá mi. Ojú tì mí, mo jẹ́wọ́. Ó gbé máṣíìnì rẹ̀ lọ. Mi ò tún ní fi irọ́ gbé ìyàwó, tíṣà mi."

"Mọ́mì lè ní kí o má wá mọ́."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí." Ó sì lọ.

Bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló bá ti Motọ́lání. Màmá ń lọ aṣọ funfun fún ọjọ́ kejì nígbà tí ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀, tó sì sọ gbogbo rẹ̀. Màmá pa áyọ́ọ̀nù, ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Ìrọ̀lẹ́ ló tó jáde.

"Ẹja wo lo jẹ?"

"Mà?"

"Mo ní ẹja wo lo jẹ níbẹ̀?"

"Ọ̀bọ̀kún, mà. Àti edé."

"Ọjọ́ méje?"

"Ọjọ́ méje, mà."

Màmá jókòó. "Èmi ò jẹun. Mo ní mi ò lè rán ọmọ sínú ebi kí n máa jẹ tèmi. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ẹ́, orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń pè."

Motọ́lání gbé orí lé itan ìyá rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Màmá jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn.

"Mo bínú, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó lè mú kí o wá sọ òtítọ́ fún mi, ohun tí mo kúnlẹ̀ tọrọ gan-an nìyẹn. Pè é, kó wá lọ́la. Màá jẹ́rìí mi. Ààwẹ̀ èmi ni Ọlọ́run gbọ́, kì í ṣe tìẹ tí o fi ọ̀bọ̀kún gbà."

Ó jẹ́rìí náà bó ṣe rí, pẹ̀lú ọ̀bọ̀kún àti edé. Ìjọ rẹ́rìn-ín títí alùfáà fi bọ́ awò ojú rẹ̀ láti nu omijé.

Ní oṣù Kejìlá, nígbà tí ilé ìwé gba ọlidé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀ ojú omi. Màmá ní òun fẹ́ fojú ara òun rí òkè àdúrà yẹn. Ní ọjọ́ kejì, ó ti bọ́ bàtà, ó ti jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù pẹ̀lú abọ́ ẹja níwájú rẹ̀. Fóònù Láyíwọlá dún. Ìyá Aneesah ni, tó ti gbé máṣíìnì rẹ̀ padà wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Mi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ yìí, mà," Láyíwọlá ní. "Rárá o, ẹnikẹ́ni ò kú. Mo wá sinmi ni. Mo sì wá tọrọ ìyàwó tí mo fẹ́ fẹ́ lọ́jọ́ Àjíǹde."

Kò tíì sọ ọ́ fún Motọ́lání rí. Ó rọra gbé fóònù sílẹ̀, ó kọjú sí i.

"Tíṣà mi, ṣé irọ́ ni mo pa fún Ìyá Aneesah yìí?"

Motọ́lání wo ìyá rẹ̀. Màmá kò gbójú kúrò lára ẹja rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mi orí pé òun fọwọ́ sí i.

"Rárá," Motọ́lání ní. "O ò purọ́."