Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀, Agídí Inú Ọkàn

Ìwọ tí wọ́n fi ìwé yìí lé lọ́wọ́, bóyá inú rẹ kò dùn sí ẹni tó fún ọ. Bóyá o ti ń wá ibi tí o máa jù ú sí. Kò burú. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ náà kì í fẹ́ gbọ́, ẹni tó bá sì gbà á nímọ̀ràn, èébú ló máa ń gbé lọ sílé.

Wẹ́dà ni, iṣẹ́ irin jíjó ló ń ṣe. Àjẹpọ́nnulá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ọ̀nà tó ń gbà jẹun. Ẹran tó bá lọ́ràá ló ń wá, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Bí wọ́n bá din ín nínú òróró tó ti dúdú, á ní ibẹ̀ gan-an ni adùn wà. Sìgá kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ti jókòó sórí àpótí níbi iṣẹ́, àwọn ọmọṣẹ́ ló ń sáré, òun á kàn máa nàka. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ó di ilé ọtí. Ìyàwó rẹ̀ ti kó ẹrù jáde tipẹ́, nítorí kò lè fara da ọtí rẹ̀, kò sì lè fara da ẹnu rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ràn láyé: àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ṣì kéré nígbà tí bàbá wọn ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ tí kò dìde mọ́. Àyà ló pa á. Àjẹpọ́nnulá ló gbé ọmọ náà pọ̀n, òun ló kọ́ ọ níṣẹ́, òun ló sì ra awò dúdú àkọ́kọ́ tó fi bojú iná fún un. Nítorí náà, ó gbà pé òun ló ni ín. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ fẹ́ aránṣọ kan níyàwó, inú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bàjẹ́, ó fi ẹ̀rín bò ó. Obìnrin náà mọ Jésù, ọ̀rọ̀ kì í sì í há a lọ́fun.

Nígbà tó yá, bí Jẹ́jẹ́ bá ti gbé géètì tó wúwo, àyà á fún un pọ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ á sì máa ro ó. Ìyàwó rẹ̀ mú un lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Obìnrin ni dókítà, kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yín ti pọ̀ jù," ó ní. "Ara nílò ọ̀rá, àmọ́ èyí tó burú nínú ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Wẹ́dà ni yín, ẹ ti gé páìpù àtijọ́ rí. Ẹ mọ bí ìpẹtà ṣe máa ń dí inú ẹ̀ tí omi ò ní lè kọjá mọ́. Bó ṣe rí nìyẹn. Lọ́jọ́ tó bá dí pátápátá, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ọkàn mọ́."

"Ṣé oúnjẹ ló fà á, dókítà?" Jẹ́jẹ́ bi í.

"Oúnjẹ wà níbẹ̀. Sìgá wà níbẹ̀. Ọtí wà níbẹ̀, kéèyàn jókòó gẹlẹtẹ láìrìn náà wà níbẹ̀. Nínú ìdílé míì, ó tún máa ń wá látinú ẹ̀jẹ̀. Kí ló pa bàbá yín?"

"Àyà ni. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ló kù."

"Á jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lẹ ò gbọ́dọ̀ fi í ṣeré. Ẹ fi ẹran ọlọ́ràá sílẹ̀, ẹ dín ohun tí wọ́n din kù. Ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja, èso. Ẹ máa rìn lójoojúmọ́. Ẹ fi sìgá sílẹ̀ lónìí. Oògùn yìí rèé, ẹ ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kankan, kódà tára bá yá. Kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà wò."

Jẹ́jẹ́ ṣe bí wọ́n ṣe wí. Ó fi sìgá tó kọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi alùpùpù sílẹ̀ nílé, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ bá sè ló ń gbé dání. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, ọ̀rá náà ti wálẹ̀. Ó ń gbé irin, àyà kò dùn ún mọ́.

Ó yẹ kí inú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n Àjẹpọ́nnulá kò rí àbúrò tí ara rẹ̀ ń yá. Obìnrin tó gba àbúrò mọ́ ọn lọ́wọ́ ló ń rí.

"Ewúrẹ́ Aránṣọ ti dé," á wí, bí Jẹ́jẹ́ bá ti yọ lókèèrè. "Ẹ bá a wá koríko sílẹ̀." Àwọn ọmọṣẹ́ á rẹ́rìn-ín, oníbàárà tó bá wà níbẹ̀ náà á rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá mi, dókítà ní kẹ́yin náà wá o."

"Kí n wá ṣe kí ni? Èmi àti dókítà ò jà. Kó fi ẹ̀jẹ̀ mi sílẹ̀ níbi tó wà."

Aránṣọ fúnra rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan. Ó dúró láàárín èéfín àti ìtàpara iná, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ dákun, ẹ fi ọkọ mi lọ́rùn sílẹ̀. Yẹ̀yẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń fi í ṣe ń dùn ún ju àyà tó dùn ún lọ."

"Kí o tó mọ̀ ọ́n ni mo ti gbé e pọ̀n. Lọ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ."

"Òótọ́ ni, ẹ gbé e pọ̀n. Ẹ ò wá fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́ ni."

Àjẹpọ́nnulá tutọ́ sílẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀. Obìnrin náà wo itọ́ náà, ó yí padà, ó lọ.

Ó ṣẹlẹ̀ pé wọ́n parí géètì ilé iṣẹ́ ńlá kan. Àjẹpọ́nnulá, ọ̀gá wọn, ní kí gbogbo wọn ṣe fàájì. Wọ́n gbé ẹran díndín wá nínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀rá ń kán lára rẹ̀, ọtí sì pọ̀. Àjẹpọ́nnulá ti àwo náà síwájú àbúrò rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

"Tó bá jẹ́ ọmọ ìyá mi ni ọ́, jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ìyàwó ẹ ni ọ́, ọ̀nà rèé, máa lọ."

Jẹ́jẹ́ wo àwo, ó wo ojú àwọn èèyàn. Ó jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù Jẹ́jẹ́, ó yọ oògùn tó wà níbẹ̀, ó sì jù ú sínú garawa omi ìdọ̀tí tí wọ́n fi ń pa iná ara irin. "A ì í lo oògùn arúgbó níbí." Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí èèyàn máa ń rín nígbà tí kò bá rí ibi fi ojú pa mọ́ sí.

Ẹran ọjọ́ kan ṣoṣo kì í pa èèyàn. Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ kò padà sí ohun tí dókítà sọ. Láti ọjọ́ náà, ẹran ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń jẹ níbi iṣẹ́, ẹ̀fọ́ ìyàwó rẹ̀ ló sì ń jẹ nílé, bí ẹni pé nǹkan kan kò yí padà. Ó padà sídìí sìgá. Kò ra oògùn mọ́, ìyàwó rẹ̀ sì rò pé ó ń lò ó. Oṣù ń gorí oṣù.

Ní ọ̀sán kan, wọ́n ń gbé géètì sínú ọkọ̀. Jẹ́jẹ́ rọra gbé apá tirẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá mi, àyà mi." Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti kú.

Lẹ́bàá sàréè, Aránṣọ kò sunkún. Ó wo ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ pa á."

"Ìwọ lo pa á," ó fèsì. "Ọkùnrin tó ń gbé irin, o ń fi ewé bọ́ ọ."

Àwọn èèyàn wọ àárín wọn. Kò pẹ́ sí i, Àjẹpọ́nnulá lọ kó ẹ̀rọ ìjórin àbúrò rẹ̀ kúrò nílé opó náà, ó ní aránṣọ kì í jórin. Obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣépè fún un, ó bẹ Ọlọ́run pé kí ó pa á. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí. Onígbàgbọ́ ni, ó sì ṣépè.

O lè rò pé ikú náà á mú kí ọkùnrin yìí ṣíwọ́ ẹran ọlọ́ràá. Kò ṣíwọ́. Ńṣe ló tún fi kún un. Bó bá ṣíwọ́, á jẹ́ pé ó ti gbà pé ohun tí wọ́n sọ jẹ́ òótọ́. Nítorí náà, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ́jọ́. Òkèlè kọ̀ọ̀kan ń wí pé, "Mi ò pa á." Òru kì í sì í gbà á gbọ́, kì í rí oorun sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ tan sìgá, sìgá jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, ọwọ́ kò gbọ́ tirẹ̀. Ó fẹ́ bú ọmọṣẹ́ kan, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n gbé e digbadigba lọ sí ilé ìwòsàn kan náà, ọ̀dọ̀ dókítà kan náà.

"Òpó ẹ̀jẹ̀ kan ló dí nínú ọpọlọ yín," dókítà ní. "Wọ́n tètè gbé yín dé, ìyẹn ló kó yín yọ. Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n tí mo ránṣẹ́ sí nígbà yẹn. Ẹ̀jẹ̀ yín ò yàtọ̀ sí ti àbúrò yín. Ohun tí kò yé mi ni pé tiẹ̀ ti ń wálẹ̀ dáadáa. Kí ló dé tó fi jáwọ́ níbẹ̀?"

Àjẹpọ́nnulá kọjú sí ògiri.

Kò sí ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá fún un. Àwọn ọ̀rẹ́ ilé ọtí kò mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé sí yàrá náà ni Aránṣọ, ó gbé abọ́ dání.

"Kí lo wá wò?" ó bi í, ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Mi ò wá nítorí pé mo fẹ́ràn yín. Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ ṣubú, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dẹ́rù bà mí. Ó ti di ọjọ́ mélòó kan tí mi ò lè gbàdúrà. Bí mo bá ti dijú, ojú yín ni mò ń rí." Ó ṣí abọ́ náà. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ló wà níbẹ̀. "Oúnjẹ ewúrẹ́ rèé."

"Kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Ó bu síbi kan, ó gbé e mì níṣojú rẹ̀. Ọkùnrin náà gba síbí, síbí jábọ́. Obìnrin náà ṣà á, ó nù ún, ó sì ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Wọn kò wo ojú ara wọn. Nígbà tí abọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, omi bọ́ lójú Àjẹpọ́nnulá.

"Èmi ni mo da oògùn Jẹ́jẹ́ nù," ó ní. "Mo jù ú sínú omi ìdọ̀tí lójú gbogbo ọmọṣẹ́. Ojú tì í láti sọ fún ọ."

Aránṣọ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú ló gbọ́ pé ọkọ òun kò ra oògùn mọ́, ọkọ náà ló sì ti ń bínú sí nínú sàréè, pé ó tan òun jẹ. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó dìde, ó jáde. Kò wá lọ́jọ́ kejì.

Ìwọ òǹkàwé, ọjọ́ yẹn ni ọkùnrin náà mọ ohun tí òun jẹ́. Kì í ṣe aláìsàn nìkan. Apànìyàn ni, ọwọ́ rẹ̀ kan ti kú, kò sì rí ibi sá sí. Dókítà lè fún un ní oògùn tó ń fa ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Èwo ni oògùn ẹ̀bi?

Nígbà tí Aránṣọ padà wá, ojú rẹ̀ ti wú. Ó dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Mo sọ fún Ọlọ́run pé mi ò lè dárí jì yín. Mo sọ ọ́ títí ó fi rẹ̀ mí. Mo wá rántí pé èmi náà ti bẹ̀ ẹ́ pé kó pa èèyàn, kò sì lé mi jáde. Wọ́n kan Jésù mọ́ igi, ó ń tọrọ àforíjì fún àwọn tó kàn án. Mo ti dárí jì yín. Ó ṣì ń dùn mí o, àmọ́ mo ti dárí jì yín."

"Ṣé àforíjì náà wà fún ẹni tó pa ọmọ ìyá ẹ̀?"

"Ìdí tí Jésù fi ta ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó mọ ẹ̀bi ara ẹ̀ ló ń wá. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún un. Ẹ má ṣe bò ó."

Pẹ̀lú ẹnu tó wọ́ náà, ó sọ ọ́. Ó dárúkọ àbúrò rẹ̀, ó dárúkọ oògùn, àwo ẹran, ẹ̀rọ tó gbà lọ́wọ́ opó. Ó ní kí Jésù gba òun. Kò sí mànàmáná, ilé kò mì. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sùn.

Ọwọ́ rẹ̀ kò padà sípò tán títí dòní. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ó sì ń rìn láràárọ̀. Ó pa sìgá àti ọtí tì, ó ń lo oògùn rẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Ó dá ẹ̀rọ padà fún Aránṣọ. Ó pe àwọn ọmọṣẹ́ jọ, ó sì jẹ́wọ́ fún wọn ohun tí wọ́n ti fojú ara wọn rí tí ẹnì kankan kò lè sọ.

Wàyí o, ìwọ ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló jẹ̀bi. Ẹlòmíràn jogún rẹ̀ ni. Lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, gba ohun tí dókítà bá sọ, má sì fi àdúrà rọ́pò oògùn. Ṣùgbọ́n má tan ara rẹ jẹ. O lè fọ òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ mọ́ tónítóní, kí o sì gbé ọkàn tó kún fún ìkórìíra dé iwájú Ọlọ́run. Ta ni o ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó fẹ́ yè? Ta ni o fi ẹ̀rín fà padà síbi tí yóò kú sí? O mọ orúkọ rẹ̀. Ọlọ́run náà mọ̀ ọ́n.

Inú lè máa bí ọ sí mi. Máa bínú, ṣùgbọ́n kúnlẹ̀. Sọ fún Jésù pé, "Olúwa, èmi ni mo ṣe é. Mi ò ní àwáwí. Gbà mí, yí mi padà." Níbi tí o wà yìí ni kí o ti sọ ọ́, nísinsìnyí tí ẹnu rẹ ṣì lè sọ̀rọ̀.