Wáyà Kejì

Ẹsẹ̀ Apòògùn ni Oníwáyà kọ́kọ́ rí. Abẹ́ tábìlì ní yàrá oògùn ọsíbítù ló nà sí, tó ń tọpa wáyà kan lẹ́bàá ògiri, nígbà tí ẹsẹ̀ méjì wọlé, tí ọ̀kan bọ́ bàtà, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ èkejì. Oníwáyà húkọ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì fò sókè.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ má bínú. Wáyà kọ̀ǹpútà yín ni mò ń tọpa rẹ̀."

"Ṣé ibi ẹsẹ̀ mi ló gbà ni?"

Apòògùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó, ẹ̀rín sì pa á. Eruku ti sọ ọkùnrin náà di arúgbó. Látìgbà yẹn ni ọkàn Oníwáyà ò ti sí lára iṣẹ́ mọ́.

Ó tọpa wáyà náà dé àpótí irin tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí swíìṣì wà, ẹ̀rọ tí gbogbo wáyà ilé náà ti ń pàdé. Ó fa wáyà mìíràn kún un, ó sì ń tẹ nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Apòògùn dúró tì í.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì?"

"Mo fún wọn ní ipò ni. Eléyìí ni ọ̀rọ̀ yóò máa gbà."

"Èkejì wá ń ṣe kí ni?"

"Ó ń dúró. Bí àkọ́kọ́ bá já, òun ló kàn."

"Ó mà ṣe o! Ẹ bá mi kí i."

Bí eré bí eré, kò sí ọ̀sẹ̀ tí wáyà yàrá oògùn ò ní nílò àyẹ̀wò. Àwọn nọ́ọ̀sì mọ̀ pé kò sóhun tó ṣe wáyà.

Ìyá Apòògùn ò gbádùn nílé, àìsàn ọkàn ni. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè: kí òun fojú kan ọkùnrin tó ń mú ọmọ òun rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Lọ́jọ́ tí Oníwáyà fẹ́ lọ, ibi iṣẹ́ pè é, ó sì yà padà lẹ́nu géètì. Màmá ti wọṣọ, ó ti jókòó dè é. Nígbà kejì, ọ̀gá tún pè.

"Oyin mi, wọ́n ní èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Bá mi bẹ Màmá."

"Wọ́n tún ti ń béèrè ẹ."

"Sátidé tó ń bọ̀, dandan ni."

Kí Sátidé yẹn tó dé, Màmá ti kú.

Ọjọ́ ìsìnkú ni Oníwáyà kọ́kọ́ wọ ilé wọn. Apòògùn mú un lọ sẹ́yìnkùlé.

"Mo ti wá mọ ipò tó o fún mi. Èmi ni wáyà kejì. Má pè mí mọ́."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó dùn mọ́ Oníwáyà láti jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè, àbámọ̀ rẹ̀ ò sì jẹ́ kó gbádùn oúnjẹ. Ó kọ́ ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní gbogbo ohun tó mọ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Lẹ́yìn náà ló lọ bá bàbá Apòògùn.

"Ìyàwó mi dúró dè ẹ́ títí," ni bàbá náà wí. "Inú ń bí mi sí ẹ. Àmọ́ òun ò bínú. Ó ní ọmọ tó ń tètè jẹ́ ìpè, yóò mọ ọmọ òun tọ́jú. Òun náà nìyẹn, bi í fúnra ẹ."

Apòògùn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá tó ṣófo.

"Oyin mi, mo mọ̀ pé mi ò yẹ. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Fóònù Oníwáyà dún. Ọ̀gá ni. Oníwáyà pa á, ó sì gbé e sórí tábìlì.

Apòògùn wo fóònù náà títí omi fi lé sójú rẹ̀.

"Ṣé ó ṣeé pa, látọjọ́ yìí?"

"Ó ṣeé pa."

Apòògùn sunkún, ó sunkún. Nígbà tó yá, ó fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ti Oníwáyà.

"Màá fẹ́ ẹ," ló wí. "Ṣùgbọ́n Màmá ni ì bá wù mí kí wọ́n rí i tó o pa á."