Òkè Tó Fara Pamọ́ Sínú Ìkùukùu

Bí o bá fẹ́ rí ìbínú Olútóyè Àdìó, sọ fún un pé ó ṣàṣìṣe. Ọ̀gá atukọ̀ bàálù ni ní Accra, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ó mọ́ tónítóní, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn ìyẹn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó gbà pé ẹni tó bá ti mọṣẹ́ kò nílò ìmọ̀ràn mọ́.

Morónfólú, ìyàwó rẹ̀, ló kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un pé ìgbéraga yóò tú ilé wọn ká. Olútóyè ní obìnrin kì í kọ́ òun lọ́gbọ́n. Ọdún kẹrin rèé tí Morónfólú ti kó ọmọ wọn lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n Olútóyè bá a sọ̀rọ̀, ó pa fóònù mọ́ ọn létí. Pásítọ̀ bá a sọ̀rọ̀, ó fi ìjọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lé gbogbo ẹni tó lè sọ òótọ́ fún un lọ, ó sì ń pe èyí ní àlàáfíà.

Àlàáfíà wo? Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ra waakye, ìrẹsì ẹlẹ́wà, lẹ́bàá ọ̀nà, á sì jẹ ẹ́ nínú mọ́tò nítorí pé ilé dákẹ́ jù. Lọ́jọ́ ìsinmi, ó lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó dá wà, ó sì mọ̀ pé òun dá wà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sọ ọ́ jáde. Ta ni ì bá tilẹ̀ sọ ọ́ fún?

Lọ́pẹ́ ni igbákejì rẹ̀ nínú bàálù, ọmọbìnrin Yorùbá tí wọ́n bí sí Alajo ní Accra, onígbàgbọ́ tòótọ́. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé kí igbákejì máa ṣọ́ ọ̀gá, kó sì ké sí i bó bá fẹ́ ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n Olútóyè ti sọ fún un lọ́jọ́ kìíní pé, “Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ àgbà. Tí mi ò bá bi ọ́, má dá sí i.” Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni Lọ́pẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Mo ti gbọ́, sà.” Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀, ṣùgbọ́n nínú bàálù Olútóyè, àgbà nìkan ló gbọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà òjò, wọ́n gbéra pẹ̀lú èrò mọ́kànléláàádọ́rin. Ìkùukùu bo gbogbo ojú ọ̀run. Àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ ní kí wọ́n má tíì ga ju ẹgbàá ẹsẹ̀ bàtà lọ, kí wọ́n sì yà sọ́wọ́ ọ̀tún, síhà òkun. Ọwọ́ òsì ni Olútóyè máa ń yà sí lójoojúmọ́, ọwọ́ òsì náà ló tún yà sí, níbi tí àwọn òkè Aburi wà. Lọ́jọ́ mìíràn, wọn ì bá ti ga ju àwọn òkè náà lọ dáadáa kí wọ́n tó débẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, wọn ò ga tó.

Lọ́pẹ́ rí i. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún àgbà pé ó ti ṣìnà? Ó wá ọ̀nà pẹ̀lẹ́ gbé e gbà.

“Ẹ jọ̀wọ́, sà, àbí ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ní?”

Olútóyè pòṣé. “Ta ló bi ọ́?”

“Ẹ má bínú, sà,” ni Lọ́pẹ́ wí.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi ké nínú bàálù. Ẹ̀rọ yìí kì í sọ̀rọ̀ àfi tí ilẹ̀ bá ti sún mọ́ bàálù jù, kì í sì í wojú ẹnikẹ́ni. “Ilẹ̀! Ilẹ̀! Fà á sókè!”

Olútóyè wo iwájú. Funfun ni gbogbo rẹ̀, kò rí nǹkan kan. “Irọ́ ló ń pa,” ló wí, ó sì nawọ́ láti pa á lẹ́nu mọ́. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

“Olútóyè! Òkè ni! Fà á!”

Lọ́pẹ́ ló kígbe. Láti ìgbà tí ìyá Olútóyè ti kú, kò sẹ́ni tó tún pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Orúkọ náà bà á bí ìgbájú. Ó fa ọ̀pá ìdarí mọ́ra, bàálù gbé imú sókè, ó ń gbọ̀n. Ìkùukùu là díẹ̀, wọ́n sì rí i nísàlẹ̀: igi, òrùlé páànù, aṣọ tí òjò ká mọ́ orí okùn. Ó sún mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Olútóyè fi rí àwọ̀ aṣọ náà.

Wọ́n padà sí Accra. Èrò ń kùn nítorí ìdádúró, ọkùnrin kan tilẹ̀ ń bú àwọn òṣìṣẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé ikú ti kọjá lára òun.

Olútóyè lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀. Ó fẹ́ sọ fún ẹnì kan pé òun kò kú. Ó mú fóònù, ó ń wo orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá kàn, ó ti lé e. Nígbà tó wò wọ́n tán, ó bú sẹ́kún. Ohun tó dùn ún jù ni pé òun yè, kò sì sẹ́ni tí yóò bá òun yọ̀.

Lọ́pẹ́ ló wá bá a níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mọ́tò. “Ẹ dákun, sà, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín. Mo la orúkọ mọ́ yín lórí.”

“Dìde. Ìwọ lo gbà wá là.”

“Rárá o, sà. Mo rí i kí ẹ̀rọ tó rí i. Mo bẹ̀rù yín ju òkè lọ, èèyàn mọ́kànléláàádọ́rin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nítorí ọ̀wọ̀ mi. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Òkè kì í yẹ̀ fún àgbà, sà. Ikú náà kì í yẹ̀. Ká ní a kú lónìí, níbo lẹ ò bá wà báyìí?”

Olútóyè nu ojú rẹ̀. “Ìyàwó mi, ẹ̀gbọ́n mi, pásítọ̀ mi, gbogbo ẹni tó kìlọ̀ fún mi ni mo lé lọ. Ṣé Ọlọ́run tún lè bá irú mi sọ̀rọ̀?”

“Ta lẹ rò pé ó ń bá yín sọ̀rọ̀ látijọ́? Ẹ lé ìyàwó, ẹ lé pásítọ̀. Jésù ò tíì lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ yín ló kú fún. Ẹ gbà pé ẹ jẹ̀bi, kẹ́ ẹ sì gbà á.”

Gbígbà yẹn ni nǹkan tó nira jù fún un láyé. Ó forí lé sítíárì. “Jésù, mo jẹ̀bi. Mo ṣẹ̀ ọ́, mo ṣẹ ìyàwó mi. Gbà mí. Má fi mí sílẹ̀ ní èmi nìkan.” Ó sọ ọ́ lásọtúnsọ, bí ọmọdé tó sọnù lọ́jà tó sì rí ìyá rẹ̀. Ìgbà tó gbórí sókè, ojú rẹ̀ rọ̀.

Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ wọn pé òun ni òun jẹ̀bi, pé igbákejì òun kò ṣẹ̀. Ó mọ̀ pé wọ́n lè gba ipò ọ̀gá lọ́wọ́ òun, wọ́n sì gbà á lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ló pe Ìbàdàn. Morónfólú gbé e.

“Èmi ni mo jẹ̀bi, Morónfólú.”

“Ṣé ẹ ti jẹun?” ni Morónfólú bi í.

Ọ̀rẹ́ mi, ta ni ìwọ ti pa lẹ́nu mọ́? Aya ni, àbí ọ̀rẹ́, àbí ẹ̀rí ọkàn rẹ tó ń jí ọ lóru? O ń wo iwájú, o ní o ò rí ewu kankan. Àìrí òkè kò ní kí òkè má sí níbẹ̀. Lónìí ni Jésù ń pè ọ́, orúkọ rẹ gan-an ló sì ń pè. Má ṣe dá ọjọ́ fún un. Yálà ọjà Okaishie lo wà láàárín èrò, tàbí yàrá kan tí ẹnikẹ́ni kì í kan ilẹ̀kùn rẹ̀, sọ fún un pé o jẹ̀bi, kí o sì ní kó gbà ọ́. Ìgbéraga rẹ kò ní sin ọ́ dé sàréè. Ìwọ nìkan ni yóò dúró níwájú Ọlọ́run. Dá Jésù lóhùn báyìí, kí o tó ká ìwé yìí.