Kọ̀ǹkọ̀ tó Gbé Ọkọ Rẹ̀ Mì

Ọjọ́ tí Mounifatou kọ́kọ́ rí Karimou, ìró ìdí rẹ̀ ti já dé orúnkún. Ẹ má gbé ọkàn yín lọ síbi tí ẹ ń gbé e lọ yẹn o! Iṣu ló ń fọ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Ó ti oko dé, ó da iṣu sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Sanson, ó bu omi lé e lórí. Àfi bí ọ̀kan nínú iṣu náà ṣe lajú! Roboto ni, ó ti rò pé esúrú ni, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì bò ó bí èèpo àlùbọ́sà. Ó ń wo Mounifatou, Mounifatou ń wò ó. Ó wá tọ̀ sí i lọ́wọ́.

Igbe tí obìnrin yìí ké kì í ṣe kékeré. Ó sáré jáde sójú ọ̀nà, bàtà ẹsẹ̀ kan, ìró ń wọ́ nílẹ̀, gbogbo ara tó ti ń gbé kiri láti ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ń mì tìtì. Ọkùnrin kan wà lábẹ́ igi dóńgóyárò níwájú ilé kejì, ó ń tún alùpùpù ṣe. Ó rí i, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọmọlúàbí.

"Àǹtí, ìró yín o."

"Ta ló béèrè ìró? Iṣu mi ló lajú!"

Karimou nìyẹn, àbúrò ìyá Adjara tó ni ilé kejì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú ní Ṣábẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Zoulfath, sì ti wọlé ọkọ níbẹ̀. Ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní kó padà wálé, kó má dá jẹun mọ́. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó dé.

Ó wọlé, ó wo iṣu náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kọ̀ǹkọ̀ ni. Inú ilẹ̀ ló sùn sí, ó ń dúró de òjò. Ẹ̀yin lẹ ṣe òjò fún un láìtọ́jọ́."

"Ẹ bá mi gbé e jù sígbó, jọ̀wọ́."

"Nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí? Oòrùn á sè é jinná. Àwọn alùfáà sì ní Ànábì kọ̀ kí á pa á."

Báyìí ni kọ̀ǹkọ̀ ṣe di ará ilé. Wọ́n fi í sínú àfọ́kù ìkòkò, wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ tútù sí i. Mounifatou sọ ọ́ ní Màdáàmù.

"Ta ló sọ fún yín pé abo ni?" ni Karimou bi í.

"Ẹ ò rí bó ṣe sanra, tó tẹ́dìí bẹẹrẹ bí èmi? Akọ wo ló ní irú ìdí yìí?"

Karimou rò ó, ó gbà. Nínú kọ̀ǹkọ̀ odò tí gbogbo ayé mọ̀, abo ló máa ń tóbi. Ọ̀rọ̀ tán.

Láràárọ̀ ni Karimou ń wá, ikán nínú ike, ẹlẹ́ǹgà nínú ike. Màdáàmù á jẹ, àwọn méjèèjì á jókòó tì í, wọ́n á máa sọ̀rọ̀. Kò pẹ́, Mounifatou bẹ̀rẹ̀ sí lé tìróò. Ó ti pẹ́ tó ti lé e kẹ́yìn, tìróò kan ojú, ó kan imú. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní, "Arúgbó yìí, ojú ò tì ọ́!" Ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, tìróò tún ṣàn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Karimou gbé ike ikán sílẹ̀, kò ṣí i.

"Mouni, mi ò wá wo kọ̀ǹkọ̀. Ìwọ ni mò ń wá wò."

"Mo ti mọ̀. Ta ló ń fi lọ́fíńdà para lọ kí kọ̀ǹkọ̀?"

"Fẹ́ mi, olólùfẹ́."

Ẹ̀rín sá kúrò lójú Mounifatou. "Karimou, ọkọ méjì ni mo ti sin. Ọ̀kan kú lójú ọ̀nà Parakou, èkejì kú sórí itan mi níbí. O ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ? Wọ́n ní mò ń jẹ ọkọ ni."

"Mo gbọ́. Èmi náà sin ìyàwó, kò sẹ́ni tó ní mò ń jẹ ìyàwó." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo ti gbó kọjá ẹ̀rù."

Inú Mounifatou dùn dé ibi tó ń dun ni. Ó gbà.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn ni ìyá Adjara kó àgbà méjì sẹ́yìn, ó gbé obì wá tọrọ Mounifatou fún àbúrò rẹ̀. Ilé kún fún àwàdà. Karimou, tí ayọ̀ ń pa bí ọtí, ti mú kọ̀ǹkọ̀ kékeré kan bọ̀ láti etí omi.

"Màdáàmù náà yóò lọ́kọ lónìí! Ṣé àwa nìkan ni?"

Gbogbo wọn yí ìkòkò ká. Ó ju ọkọ ìyàwó sílẹ̀. Ọkọ ìyàwó fò lẹ́ẹ̀kan. Màdáàmù yíjú sí i, gbàmù! Ẹsẹ̀ méjì ló kù tó ń jà pìtìpìtì lẹ́nu rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í wọlé.

Mounifatou ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi yẹn. "Háà, ebi ti ń pa ìyàwó yìí o!"

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó gbé ọkọ mì," ni ìyá Adjara wí, ohùn rẹ̀ gbẹ. "Lójú wa. Lọ́jọ́ tí a gbé obì wá." Ó ṣa obì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan padà sí etí gèlè. "Karimou, dìde."

Ká tó wí, ká tó fọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti dé ìlú Goro.

Karimou ò gbà. Ó gbé Mounifatou sẹ́yìn alùpùpù, Màdáàmù nínú páànù, wọ́n di ọjà Bétérou, lọ́dọ̀ Ìrètí, obìnrin tó ń ta kọ̀ǹkọ̀ yíyan, kó lè bá wọn wò ó. Ìrètí fi àtàǹpàkò la ẹnu Màdáàmù.

"Ẹ wo ohun tó yọ bí eyín nísàlẹ̀ yìí. Ti odò ò ní in. Ẹ wo gìgísẹ̀ rẹ̀, ó le bí ọkọ́, òun ló fi ń gbẹ́ ilẹ̀ sùn. Kọ̀ǹkọ̀ ilẹ̀ lẹ mú wá." Ó yí i délẹ̀. Láti abẹ́ àgbọ̀n dé abíyá, àwọ̀ ìyeyè ni. "Ẹ̀ ń pe èyí ní Màdáàmù? Akọ ni, akọ gidi! Nínú irú èyí, ọkọ ló ń tóbi ju aya. Tí òjò bá rọ̀ dáadáa, ẹ óò gbọ́ ọ, á ké bí ọmọ màlúù."

"Èyí tó gbé mì ńkọ́?" ni Mounifatou bi í.

"Ṣé ara rẹ̀ ń dán, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn? Ti odò nìyẹn, Ìyá. Kì í ṣe ọkọ, kì í ṣe aya, ẹran ni. Ẹ gbé oúnjẹ síwájú ẹni tí ebi ń pa, ẹ wá ń pè é ní ìgbéyàwó!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín kúrò ní Bétérou. Mounifatou gbá ìbàdí Karimou mú lójú gbogbo ayé. Ìgbà tí eruku dé bá wọn, Karimou wúkọ́. Ikọ́ eruku lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba Mounifatou, ó sì gbé e mì, kò sọ ọ́ fẹ́nì kan.

Ẹ̀wà ni ìyá Adjara ń ṣà nígbà tí wọ́n dé. Karimou rò ó fún un pé akọ ni, ti ilẹ̀ ni, èyí tó jẹ kì í ṣe irú rẹ̀. Ìyá Adjara ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

"Mo ti gbọ́," ló wí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun nìkan wọ ilé Mounifatou. Mounifatou gbé àpótí fún un, kò jókòó. Ó di ògiri mú, ó kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, ìyá tó lè bí Mounifatou.

"Háà! Ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí. Èmi ni mo sin gbogbo àwọn tí ìyá wa bí, Karimou nìkan ló kù. Mi ò ní ìwọ lo ń pa ọkọ. Ọlọ́run ló ń pani. Ì báà jẹ́ akọ, ì báà jẹ́ abo, bí kì í bá ṣe kọ̀ǹkọ̀ ni, ǹ bá rí àmì náà lára alángbá. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tó bá fẹ́ ọ, ìgbàkígbà tó bá wúkọ́ ni n óò máa wo ojú rẹ bí ojú ọ̀tá. Jọ̀wọ́, ọmọ mi, fi í sílẹ̀ fún mi."

Láti ìgbà èwe ni Mounifatou ti ní èsì fún èébú. Bí obìnrin yìí bá bú u ni, ì bá bú u padà kí adùn rẹ̀ kún ẹnu. Ìkúnlẹ̀ ni kò ní èsì fún. Ikọ́ tí ìyá yìí ń sọ, òun náà ti gbọ́ ọ lójú ọ̀nà Bétérou. Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá.

"Ẹ dìde, Ìyá," ló wí. "Mo ti gbọ́."

Ó gbé kọ̀ǹkọ̀ padà sóko níbi tí omi òjò dá sí. Kọ̀ǹkọ̀ wọ inú omi lọ, kò wẹ̀yìn.

Nígbà tó sọ fún Karimou pé ìgbéyàwó ò sí mọ́, Karimou rò pé àwàdà rẹ̀ ni.

"Akọ ni, Mouni! O gbọ́ ọ létí ara rẹ!"

"Kọ̀ǹkọ̀ ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí."

"O ò fẹ́ràn mi?"

"Mo fẹ́ràn rẹ débi pé, tí o bá sín, ẹ̀rù á bà mí. Mo ti ṣe opó lẹ́ẹ̀mejì, Karimou mi. Tìrẹ ni mi ò lè ṣe."

"Kí ló wá kù fún èmi?"

"Kí o wà láàyè. Ibikíbi tí o bá wà."

Karimou sunkún bí ọmọdé, Mounifatou náà sunkún. Karimou ní òun ò lè máa wo ògiri rẹ̀ láràárọ̀ kí òun má wọlé, òun á padà sọ́dọ̀ Zoulfath. Ìyá Adjara tó kúnlẹ̀ kó má bàa pàdánù rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́rí lọ́jọ́ tó ń lọ, wọ́n ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ìta.

Karimou di àpò irinṣẹ́ sẹ́yìn alùpùpù. Ó fi ẹsẹ̀ gbá a, kò jí. Ó tún gbá a, kò jí.

"Irú atúnkẹ̀kẹ́ṣe wo rèé?" ni Mounifatou wí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Ó tún gbá a. Òógùn bò ó. Mounifatou bẹ̀rẹ̀ sí bẹ Ọlọ́run nínú ikùn rẹ̀ pé kó má jí, kó má jí títí láé. Ni ojú rẹ̀ bá lọ sábẹ́ táǹkì. Rọ̀bìnẹ́, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń ṣí epo sí ẹ́ńjìnì, wà ní títì pa. Ó ti jókòó ti ọkùnrin yìí tó lábẹ́ dóńgóyárò láti mọ̀ pé rọ̀bìnẹ́ yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ bá, bó bá tilẹ̀ ń tòògbé. Ó wo ojú rẹ̀. Karimou ń wo ilẹ̀.

Mounifatou bẹ̀rẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún. Ó na ọwọ́ sábẹ́ táǹkì, ó bá a ṣí rọ̀bìnẹ́ náà.

"Gbá a wàyí," ló wí.

Ó gbá a, ó sì jí.