Orúkọ Tí Mo Kọ Sára Eegun

Bàbá Láàbù tú okùn ara àpótí náà, ó wo ọwọ́ mi, ó ní kí n tún lọ fọ̀ ọ́. Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo padà sídìí ẹ̀rọ omi, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì nà án sí i kó rí i.

"Ó dáa báyìí," ló wí. "Ènìyàn la fẹ́ fọwọ́ kàn, kì í ṣe àga."

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí bàbá yìí ti ń tọ́jú láàbù, ìyẹn yàrá àyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ wa, ó sì ku oṣù mẹ́rin péré kó fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo kíláàsì wa, tó jẹ́ kíláàsì àṣekágbá, èmi nìkan ló gbà láyè láti máa bá òun nu àwọn eegun inú àpótí náà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń pè mí, torí mo ga, mo sì tín-ín-rín. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí mi, ó ní òun rò pé ẹni inú àpótí ló jáde wá gba atẹ́gùn.

Ó ń kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́ wọn sórí aṣọ funfun lórí tábìlì gígùn bí ẹni tó dùbúlẹ̀ tó kọjú sókè. Agbárí wà lókè, ọ̀pá ẹ̀yìn tẹ̀ lé e, ìhà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ìbàdí, itan, ojúgun, títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí kò tó hóró ẹ̀wà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ igba ó lé mẹ́fà. Ọwọ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọrùn ọwọ́, jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta nítorí mi ò gbà gbọ́.

"Gbé eyí wò." Ó na eegun itan sí mi.

"Ó mà fúyẹ́, Bàbá."

"Ihò wà nínú rẹ̀ bíi ti ọparun. Bẹ́ẹ̀, òun ló ń gbé gbogbo ara rù. Inú eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìwọ náà tó o dúró síbẹ̀ yẹn, ó ń lọ lọ́wọ́ nínú rẹ báyìí."

Mi ò mọ ìgbà tí mo fọwọ́ kan itan mi. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, àmọ́ irú ẹ̀rù tó ń dùn mọ́ ènìyàn ni.

Ó wá fi eegun ìsàlẹ̀ apá kan hàn mí. Ó wú díẹ̀ láàárín. "Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ṣubú, ọwọ́ yìí sì kán. Ibi tó ti so padà nìyí. Kò sẹ́ni tó fi àtè lẹ̀ ẹ́. Eegun fúnra rẹ̀ ló tún ara rẹ̀ ṣe." Ó gbé eegun apá òkè méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀kan nípọn ju èkejì lọ, ojú rẹ̀ sì rí gbágungbàgun níbi kan. "Iṣan ló di ibí mú. Bí iṣan bá ń fa eegun lójoojúmọ́, eegun á nípọn síbẹ̀ kó lè gba agbára rẹ̀. Apá tó fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn."

"Iṣẹ́ wo ló ṣe?"

"Mi ò mọ̀. Mo bá a níbí ni. Ìwé tó bá a wá sọ pé obìnrin ni, pé òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi ara òun kọ́ ọmọ níwèé tóun bá kú. Wọn ò kọ orúkọ rẹ̀. Àmọ́ ó ṣiṣẹ́ o. Ìyẹn dá mi lójú."

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi kọ orúkọ eegun kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀, kó lè rọrùn fún wa. Ó ní a kì í kọ̀wé sára ènìyàn. Ẹni tó bá mọ eegun, kó pe orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó jókòó tì í.

"Wá, jẹ́ kí n fi bí a ṣe ń dá ti ọ̀tún mọ̀ yàtọ̀ sí ti òsì hàn ọ́."

Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ mi kan tí à ń pè ní Aláròyé yọjú sójú fèrèsé, ó ń fọwọ́ pè mí. Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá," mo sì jáde. Mi ò mọ̀ ọ́n.

Aláròyé ò kí mi, ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. "Ọ̀la ni ìdánwò àfọwọ́ṣe bàólójì. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, wọn ò ní forúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ fún àṣekágbá. Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ eegun látàárọ̀ dalẹ́, ṣé wàá máa wò wá níran ni?"

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Kọ orúkọ wọn sí abẹ́ wọn. Pẹ́ńsù ni, wínníwínní. Tá a bá parí, o nù ún kúrò."

Mo ní mi ò ṣe. Ó ní òun ti sọ fún àwọn yòókù pé màá ṣe é, pé gbogbo wọn ló sọ pé kò sí ẹni tó láàánú bíi tèmi. Ẹ má jẹ̀ẹ́ n purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ti ń pè mí ní òpó iná ní kíláàsì yẹn. Kò sí ẹni tó nílò mi rí.

Nígbà tí mo padà wọlé, Bàbá Láàbù ti mú eegun mẹ́wàá fún ìdánwò, ó fi òwú pupa so wọ́n níbi tí wọ́n wà lórí tábìlì, ká má baà gbé èyí tí kì í ṣe tiwọn. Ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pè é. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn tí mo bá ṣe tán.

Mo dúró ní ìdí tábìlì, níbi ẹsẹ̀, mo kọjú sí ẹni tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Mo mú pẹ́ńsù. Mo kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan síbi tó fara sin. Èyí tó wà lápá ọ̀tún mi, mo kọ ọ̀tún sí i. Èyí tó wà lápá òsì mi, mo kọ òsì. Mo kọ ọ́ tán, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, ìdánwò lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀rín-ò-tán, ọmọ kíláàsì wa tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín eegun ìhà àti ìgbákọ, ló kọ́kọ́ parí. Ó ṣẹ́jú sí mi. Èmi náà kọ ohun tí mo ti kọ sílẹ̀, inú mi sì ń dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tíṣà kó àwọn eegun náà lọ kí n tó ráyè nù wọ́n.

Alágbàfọ̀ ni ìyá mi. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló fi ń lọ aṣọ, tó bá sì délé, èmi ni mo máa ń bá a fi ìpara ra apá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó jókòó sórí àga, mo jókòó síwájú rẹ̀, a kọjú síra wa. Ó na apá ọ̀tún rẹ̀ sí mi. Mo tẹ iṣan náà, ó le bí ìdí odó. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó tún yí i sísàlẹ̀, mo sì rí i lábẹ́ awọ bí eegun méjì inú apá ṣe ń gba orí ara wọn kọjá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń ra apá yìí, mi ò rí i rí. Mo ní, "Màmá, ẹ tún un ṣe." Ó rẹ́rìn-ín, ó tún un ṣe. Ó ń yà mí lẹ́nu pé gbogbo ìgbà tó bá ń yí áyọ́ọ̀nù, ohun ìyanu yìí ló ń ṣẹlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó.

Àfi bí mo ṣe wò ó dáadáa. Apá ọ̀tún ìyá mi ló nípọn, apá tó fi ń ṣiṣẹ́. Bó ṣe kọjú sí mi yìí, apá òsì mi ni apá ọ̀tún rẹ̀ wà.

Ọwọ́ mi dúró gbọin-in. Ẹni orí tábìlì yẹn náà kọjú sí mi. Gbogbo ọ̀tún tí mo kọ, òsì ni.

"Ṣé kò sí o?" ni ìyá mi bi mí.

Mo ní kò sí. Mo tún bu ìpara, mo ń bá apá rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀, tíṣà bàólójì kó gbogbo wa jọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ìwé ìdánwò wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹni tó bá ń méfò," ló wí, "á ṣì díẹ̀, á gba díẹ̀. Ẹ̀yin mọ́kànlá gba orúkọ gbogbo eegun, ẹ sì ṣi ọ̀tún àti òsì gbogbo wọn, láìku ẹyọ kan. Ta ló kọ́ yín ní àṣìṣe kan náà?" Ó yí eegun itan padà, ó sì fi ohun tí mo kọ han ọ̀gá àgbà.

Ọ̀gá àgbà kọjú sí Bàbá Láàbù. "Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ibí wà?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Ta ló wọ ibí lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti mú eegun tán?"

Bàbá gba eegun náà, ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó mọ ìkọ̀wé mi dáadáa, torí èmi ni mo máa ń bá a kọ ìwé ẹrù láàbù. Kò wò mí. Ó ní, "Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ ọ, sà. Ẹ̀bi mi ni."

"Ẹ ò ní lè lo oṣù mẹ́rin tó kù yẹn," ni ọ̀gá àgbà wí. "Ó dùn mí, àmọ́ màá kọ̀wé sí àwọn tó gbà yín síṣẹ́ lónìí."

Aláròyé já mi ní èékánná kí n má sọ̀rọ̀. Mo wo bàbá àgbàlagbà tó kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé, mo sì mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, mi ò ní lè wo ojú ènìyàn mọ́. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ìka tèmi ló sì ṣẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́, sà," ni mo wí. "Bàbá ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Wọ́n fagi lé ìdánwò àwa mọ́kànlá. Wọ́n ní a ó tún un ṣe, ẹni tó bá tún fìdí rẹmi, ọdún rẹ̀ lọ nìyẹn. Èmi, wọ́n lé mi sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá mi sunkún, ó sì tún bá mi wí. Aláròyé tó ń dà bí ọ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀ pè mí ní ọ̀dàlẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Àmọ́ wọn ò kọ ìwé nípa Bàbá Láàbù mọ́.

Ọjọ́ tí mo padà, òun ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde lọ fọ ọwọ́ mi. Ó kó eegun mẹ́wàá náà síwájú mi pẹ̀lú rọ́bà ìpawérẹ́ àti òwú, ó sì jókòó tì mí.

"Ó dùn mí o," ló wí. "Mi ò ní tan ọ́. Kọ́kọ́rọ́ ò tún ní dé ọwọ́ rẹ mọ́."

"Ẹ ṣeun, Bàbá."

Nígbà tí mo nù wọ́n tán, ó mú eegun apá kan, ó gbé e lé ara apá mi, láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́. Ó gùn tó tèmi gẹ́lẹ́. Orí rẹ̀ tó rí roboto wo ọ̀nà àyà mi, bí eegun tèmi náà ṣe wò ó. Ó gbé e lọ sí apá kejì, ó sì kọ̀, orí rẹ̀ kọjú sí ìta.

"Ṣó o rí i?" ni Bàbá wí pẹ̀lẹ́. "Gbogbo ohun tó ò ń kọ sára rẹ̀ yẹn, wọ́n ti kọ ọ́ sára ìwọ náà kí wọ́n tó bí ọ."

Omi bọ́ lójú mi. Kì í ṣe ìtìjú nìkan ló fà á. Igba ó lé mẹ́fà ló wà nínú mi, tí mo ń gbé kiri, tí mo fi ń sáré, tí mo fi ń kọ̀wé, mo sì tún ń wá ibi tí màá ti jíwèé wò.

Ọjọ́ tí a tún ìdánwò ṣe, tíṣà gbé eegun kan lé mi lọ́wọ́. Mi ò yí i padà láti wá nǹkan kan. Mo di ojú mi, mo gbé e lé apá mi, mo ń dán an wò títí tó fi bá mi mu, mo sì kọ ìdáhùn mi. Mo yege. Ẹ̀rín-ò-tán náà yege, torí ẹ̀rù lé e sídìí ìwé. Mi ò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ohun tí mo rí kọ́ rèé. Ẹni tó fi jìbìtì ran ọ̀rẹ́ lọ́wọ́, àṣìṣe tirẹ̀ náà ló ń pín fún wọn, ẹni tó finú tán an ló sì máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Bí a bá ṣe é láṣìṣe, ká tètè jẹ́wọ́, kí ẹlòmíràn má baà ru ẹrù wa. Ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ nǹkan la ti ń kọ́ nǹkan, tó bá sì ní òun fẹ́ fi hàn wá, ká má sọ pé a ti mọ̀ ọ́n.